Ogún Ìṣẹ́jú Àáyá Tó Dá Èrò 700,000 Dúró: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ojú Òfurufú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Oṣù Kẹjọ Ọdún 2023

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọjọ́ ìsinmi tó kẹ́yìn nínú ìgbà ooru, tí àwọn mìíràn sì ń di ẹrù láti padà sílé láti Sípéènì, Gíríìsì àti àwọn ibi mìíràn tí wọ́n ti lọ gbafẹ́, ilé iṣẹ́ NATS, èyí tó ń darí ọkọ̀ òfurufú lójú sánmà Ilẹ̀ Ọba Aṣọ̀kan, kéde pé ẹ̀rọ òun kan ti dẹnu kọlẹ̀, àti pé òun ní láti dín iye ọkọ̀ tó lè gba ojú sánmà náà kọjá kù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti wọ́gi lé ìrìnàjò ọkọ̀ òfurufú tó lé ní 1,500. Nígbà tí ìgbìmọ̀ olùwádìí ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, èrò tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní 700,000. Àwọn kan fi ilẹ̀ pápákọ̀ òfurufú ṣe ibùsùn lóru ọjọ́ náà, àwọn kan kò sì rí ọkọ̀ tó máa gbé wọn délé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìdí tí wọ́n sọ fún àwọn èrò náà kò ju pé ẹ̀rọ àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú òfurufú ní ìṣòro. Ẹni tó bá ti jókòó rí ní gbọ̀ngán pápákọ̀ Murtala Muhammed n'Ìkẹjà mọ irú ìkéde bẹ́ẹ̀: wọ́n á ní ọkọ̀ pẹ́ nítorí ìdí tó jẹ mọ́ iṣẹ́, wọ́n á tọrọ àforíjì, wọ́n á sì pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ènìyàn rí dì mú nínú rẹ̀. Nítorí náà, láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn ènìyàn ti wá ìdí tiwọn. Àwọn kan ní àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kọlu ẹ̀rọ náà, ìjọba sì sọ pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tún yá, ìròyìn gbòde pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Faransé kan ló kọ ìwé tí kò bójú mu ránṣẹ́. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé náà wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí ènìyàn lè fi gbólóhùn kan ṣàlàyé.

Kò sí ọkọ̀ òfurufú akérò tó máa ń gbéra láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ni ín ti kọ́kọ́ fi ìwé ètò ìrìnàjò rẹ̀ ránṣẹ́, èyí tó sọ ibi tí yóò ti gbéra, ibi tí yóò balẹ̀ sí, ìwọ̀n gíga tí yóò máa fò, àti orúkọ àwọn àmì ojú ọ̀nà tí yóò máa gbà kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Yúróòpù, ọ̀dọ̀ àjọ Eurocontrol ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dé. Àjọ náà á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá òfin mu, á tún un kọ ní ìlànà mìíràn tó kún ju ti àkọ́kọ́ lọ, á fi àwọn àmì ojú ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ náà kò dárúkọ kún un, lẹ́yìn náà á fi ránṣẹ́ sí gbogbo orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ náà máa gba ojú sánmà wọn kọjá. Ní NATS, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní FPRSA-R, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ìwé wọ̀nyí, láti yọ apá tó kan ojú sánmà Ilẹ̀ Ọba Aṣọ̀kan nínú wọn, àti láti gbé apá náà lọ sórí ẹ̀rọ tí àwọn adarí ọkọ̀ ń lò. Láti ọdún 2018 ni ẹ̀rọ náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti gba ìwé ètò tó lé ní mílíọ̀nù 15 kọjá láìṣe irú àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí rí.

Ìwé tó fa wàhálà náà jẹ́ ti ọkọ̀ òfurufú kan láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Faransé náà, French Bee, tó ń ti Los Angeles ní Amẹ́ríkà lọ sí pápákọ̀ Orly ní ìlú Párísì. Ọkọ̀ náà kò ní iṣẹ́ kankan ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkè ibẹ̀ ló kàn fẹ́ gbà kọjá. Lára àwọn àmì ojú ọ̀nà rẹ̀ ni méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà, DVL. Ọ̀kan jẹ́ ti Devils Lake ní ìpínlẹ̀ North Dakota, èkejì sì jẹ́ ti Deauville ní etíkun àríwá ilẹ̀ Faransé, àárín àwọn méjèèjì sì lé ní 4,000 máìlì. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣì wà lóde òní, ṣùgbọ́n àmì tí orúkọ wọn jẹ́ lẹ́tà márùn-ún nìkan ni òfin àgbáyé ní kí ó má jọ ara wọn níbikíbi. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò atọ́nà tí orúkọ wọn jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta ti wà láti ayé àtijọ́, iye orúkọ tí ènìyàn lè fi lẹ́tà mẹ́ta ṣẹ̀dá kò sì pọ̀, nítorí náà wọ́n gbà pé kí méjì máa jẹ́ orúkọ kan, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti jìnnà sí ara wọn dáadáa. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kò sí bí awakọ̀ ṣe lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí awakọ̀ tó ń ti Ìlọrin lọ sí Àkúrẹ́ tí wọ́n á ní kó já èrò sí Ọjà Ọba lẹ́yìn tó bá ti wọ Àkúrẹ́, tí yóò wá ṣẹ́rí padà sí Ọjà Ọba tó wà n'Ìlọrin.

Ohun tí ẹ̀rọ FPRSA-R ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó wá ibi tí ọkọ̀ náà ti máa wọ ojú sánmà Ilẹ̀ Ọba Aṣọ̀kan, ó rí i. Ó wá ibi tó ti máa jáde, kò rí i nínú ìwé tí ilé iṣẹ́ náà kọ, torí pé kì í ṣe dandan kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí wá àmì tó súnmọ́ ibi àbájáde náà jù lọ lápá òdìkejì, ó sì kan DVL, èyí tó yẹ kó jẹ́ ti Deauville. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà lọ wá DVL nínú ìwé àkọ́kọ́, èyí tó wà ní Amẹ́ríkà ni ojú rẹ̀ bà lé. Ìtumọ̀ ohun tó wà níwájú rẹ̀ wá jẹ́ pé ọkọ̀ yìí jáde kúrò ní Ilẹ̀ Ọba Aṣọ̀kan kí ó tó wọ ibẹ̀, kò sì sí bí ó ṣe lè yọ apá kankan nínú irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ tí yóò bọ́gbọ́n mu.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti fi òfin kan lélẹ̀ fún un: tí ó bá kan ohun tí kò yé e rárá, kò gbọdọ̀ gbé ohun tó lè jẹ́ irọ́ lọ síwájú adarí ọkọ̀, kí ó kúkú ta kété sí iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ta kété. Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ arọ́pò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé ìwé kan náà sí i lọ́wọ́, ó ronú bí ti àkọ́kọ́ ti ronú, òun náà sì ta kété. Láti ìgbà tí ìwé náà wọlé títí di ìgbà tí ẹ̀rọ méjèèjì dákẹ́, kò tó ogún ìṣẹ́jú àáyá.

Èmi kò rí ẹ̀bi nínú pé ẹ̀rọ náà kọ̀ láti gbé ohun tí kò dá a lójú lọ síwájú àwọn tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lọ́wọ́ wọn. Ibi tí ẹ̀bi wà ni pé kò sí ọ̀nà kankan tó lè gbà ya ìwé kan ṣoṣo tó rú u lójú sọ́tọ̀, kí ó pe ènìyàn wá wò ó, kí ó sì máa bá ìyókù lọ. Èkejì ni ti ẹ̀rọ arọ́pò. Tí iná bá jó ọ̀kan tàbí tí wáyà rẹ̀ bá já, èkejì á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ìyọnu, ṣùgbọ́n sọ́fítíwià kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, nítorí náà ohun tó bá rú ọ̀kan lójú gbọ́dọ̀ rú èkejì lójú. Ìpèsè bẹ́ẹ̀ dára fún ohun èlò tó bà jẹ́, kò wúlò fún ìrònú tó wọ́.

Síbẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó dúró ní wákàtí tí èyí ṣẹlẹ̀. Ìwé ètò máa ń dé ọ̀dọ̀ NATS ṣáájú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ìwé ọkọ̀ tó máa kọjá láàárín wákàtí mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ti wà nílẹ̀. Wákàtí mẹ́rin yìí ni wọ́n ní láti fi tún ẹ̀rọ náà ṣe kí èrò kankan tó mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá ti rí ìwé náà yọ kúrò láàárín àkókò yẹn ni, ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ náà kọjá láìjẹ́ pé ìwé ìròyìn kankan dárúkọ rẹ̀. Bí wákàtí mẹ́rin náà ṣe lọ ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò, torí pé ibẹ̀ ni ìdí gidi tí àwọn èrò fi sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wà.

Àwọn ẹnjiníà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òwúrọ̀ náà gbìyànjú ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú, wọ́n pa ẹ̀rọ náà, wọ́n sì tún tàn án. Ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ French Bee náà ṣì wà níwájú nínú ìlà, nítorí náà bí ẹ̀rọ bá ti jí, òun náà ni wọ́n á tún gbé kò ó lójú, ẹ̀rọ á sì tún ta kété. Nígbà tí èyí kò ṣiṣẹ́, wọ́n pe ẹnjiníà àgbà tó ń dúró de ìpè lọ́jọ́ náà. Ilé ló wà, torí pé ọjọ́ ìsinmi ni, ètò iṣẹ́ sì gbà á láyè bẹ́ẹ̀. Ó gbìyànjú láti ilé, kò já sí nǹkan kan, irú ìtanjí tó kún tí ó fẹ́ ṣe kò sì ṣeé ṣe láti òkèèrè. Ó wá gbéra lọ sí ibi iṣẹ́, ìrìn nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. Ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù tún wọ̀ ọ́: bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ náà kò jẹ́ kí wọ́n tètè lè fìdí ẹni tó fẹ́ wọlé múlẹ̀ lákòókò tí kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà yìí, kò sí ẹni tó tíì pe ilé iṣẹ́ Frequentis Comsoft tó ṣe sọ́fítíwià náà, àwọn tó mọ inú rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ju wákàtí mẹ́rin lọ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dákẹ́ kí wọ́n tó wá ìrànlọ́wọ́ wọn, nígbà náà ìwé tó wà nílẹ̀ ti tán. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí dá sí i, kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ìwé náà, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìlà, ẹ̀rọ sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti dá ẹnjiníà tó wà nílé lẹ́bi, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ṣètò iṣẹ́. Ìlànà tó wà nílẹ̀ ni pé kí ìpele kìíní gbìyànjú dópin kí wọ́n tó pe ìpele kejì, kí agbára ìpele kejì náà sì pin kí wọ́n tó pe àwọn ará ìta. Ìlànà bẹ́ẹ̀ dára fún ẹ̀rọ tó lè dúró dìgbà tí wọ́n bá ráyè fún un. Ẹ̀rọ yìí kò lè dúró, torí pé aago tirẹ̀ ti ń lọ láti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́.

Nígbà tí ìwé tó wà nílẹ̀ tán, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ tẹ ìwé ètò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 60 ni wọ́n lè tẹ̀ láàárín wákàtí kan, nígbà tí ẹ̀rọ máa ń ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Àwọn kan béèrè lẹ́yìn náà pé ṣé àwọn adarí ọkọ̀ kò rí ọkọ̀ lójú ráda ni. Wọ́n rí wọn, ráda àti rédíò ń ṣiṣẹ́ pé pérépéré. Ṣùgbọ́n adarí ọkọ̀ ní láti mọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ kí ó tó dé, ibi tó fẹ́ yà sí àti ìwọ̀n gíga tó fẹ́ wà, kí ó lè tò ó mọ́ àwọn yòókù. Láìsí èyí, iye ọkọ̀ tí ẹnì kan lè bójú tó láìséwu kéré gan-an. Nítorí náà NATS kò ti ojú sánmà pa, iye tó ń wọlé ló dín kù. Kò sí ọkọ̀ kankan tó wà nínú ewu lọ́jọ́ náà, bí àwọn èrò ṣe há sí pápákọ̀ sì jẹ́ ara owó tí wọ́n san fún ìyẹn.

Ó tún ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ èrò kò lóye: kí ló dé tí ẹ̀rọ tí wọ́n tún ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé ṣì ń dá ìrìnàjò ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ti Ọjọ́rú rú? Ọkọ̀ òfurufú kan a máa lọ ìrìnàjò mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́ láàárín àwọn ìlú Yúróòpù, nítorí náà ọkọ̀ tó há sí Málágà ní ọ̀sán ni wọ́n ń retí ní Gatwick ní ìrọ̀lẹ́, òun náà ni wọ́n sì ti ṣètò pé kó sùn sí Edinburgh. Èrò tó ń dúró l'Ékòó lálẹ́ láti wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò yàtọ̀, torí ọkọ̀ tó sábà máa ń gbé e ni èyí tó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Tí kò bá gbéra níbẹ̀ lówùúrọ̀, ojú ọjọ́ Ìkẹjà ìbáà mọ́ kedere, kò sí ohun tí yóò wọ̀. Àwọn awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà ní iye wákàtí tí òfin gbà wọ́n láyè láti fi ṣiṣẹ́, àti ìgbà tí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ lórí ilẹ̀ láìgbéra wà nínú kíkà náà. Tí wákàtí wọn bá pé, ọkọ̀ ò lè lọ bó ti wù kí ó ṣe dáadáa tó. Paríparí rẹ̀ ni pé ìparí oṣù Kẹjọ ni, gbogbo ìjókòó ti kún. Ilé iṣẹ́ tó ní èrò 180 tí wọ́n wọ́gi lé ìrìnàjò wọn lè rí ìjókòó mẹ́fà nínú ọkọ̀ kan lọ́la, mẹ́jọ nínú òmíràn lọ́tùn-únla. Bí àṣìṣe ogún ìṣẹ́jú àáyá ṣe di ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn.

Ti owó náà kò ṣeé fò. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú san owó gbà-má-bínú, láti pọ́ùn 220 sí 520 gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà bá ti jìn tó, fún èrò tí ìrìnàjò rẹ̀ di wíwọ́gi lé tàbí tó fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́, àyàfi tí ìdí rẹ̀ bá kọjá agbára ilé iṣẹ́ náà. Àṣìṣe àwọn adarí ọkọ̀ kọjá agbára wọn, nítorí náà owó gbà-má-bínú kò sí fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ, òtẹ́ẹ̀lì àti ọ̀nà mìíràn láti délé kì í ṣe owó gbà-má-bínú, dandan ni wọ́n, ohun yòówù kí ìdí náà jẹ́. Ìgbìmọ̀ olùwádìí rí i pé ọ̀pọ̀ èrò ni kò rí èyí gbà lásìkò, tí wọ́n fi owó ara wọn wá ilé ìtura àti ọkọ̀ mìíràn, tí wọ́n wá ń fi ìwé rìsíìtì béèrè owó náà padà. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà ṣàròyé pé àwọn ni wọ́n ń gbé ẹrù àṣìṣe tí kì í ṣe tiwọn. NATS kì í san irú owó bẹ́ẹ̀ fún èrò, òfin kò sì ní kí ó san án. Ní tèmi, àròyé náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè ìyá tó wà pẹ̀lú ọmọ kékeré ní pápákọ̀ lóru.

Àjọ CAA tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú yan ìgbìmọ̀ olómìnira kan lábẹ́ Jeff Halliwell láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìròyìn wọn àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, èyí tó parí rẹ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà pẹ̀lú àbá 34. Díẹ̀ nínú wọn ló kan ẹ̀rọ gan-an. Púpọ̀ nínú wọn dá lórí bí NATS ṣe yẹ kó múra de wàhálà, bó ṣe yẹ kí ó tètè sọ fún àwọn pápákọ̀ àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀, torí pé ìwífún pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà, àti bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú èrò. NATS ti yí sọ́fítíwià náà padà kíákíá lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ó sì sọ pé tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tún wọlé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àwọn máa fi yanjú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2025, nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní ibùdó NATS ní Swanwick, ráda ni lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n yí sí ẹ̀rọ arọ́pò, ó ṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀ sì parí láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, ìrìnàjò ọkọ̀ òfurufú tó lé ní 150 ni wọ́n wọ́gi lé, nítorí pé àwọn ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́ inú wọn ti kúrò ní ibi tó yẹ kí wọ́n wà.